Kúlà Iwájú Ọkọ̀ Sàlàkọ́

Kò sí ẹni tó ń gbé ojú ọ̀nà Ìwó sí Kúta láyé ìgbà náà tí kò mọ ohùn ọkọ̀ Sàlàkọ́. Píkọ́ọ̀pù tó ń mu dísẹ̀lì ni. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò sì ṣeé ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ roboto kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń sáré, tọ́bò yìí á máa ké fíì, bí ẹni pé ẹnì kan fara pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń súfèé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Asúfèé. Àwọn obìnrin tó ní gàrí láti gbé lọ sí Ìwó kì í wulẹ̀ jókòó sójú ọ̀nà. Inú ilé ni wọ́n máa ń wà títí wọn ó fi gbọ́ súfèé náà, ìgbà náà ni wọn ó tó máa wọ́ àpò wọn jáde.

Ọwọ́ àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà ni Sàlàkọ́ ti rà á, nígbà tí iṣẹ́ wọn parí tí wọ́n ń ta ohun tí wọn kò lè kó lọ. Ìpín rẹ̀ nínú oko bàbá wọn ló tà tó fi rà á. Láti ìgbà náà, kò ní oko mọ́, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò wo omi, yóò wo ọ́ìlì, yóò fi ọwọ́ pa táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí àgbà, kó tó wá wọlé jẹun. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun ń bá Asúfèé sọ ju èyí tó ń bá òun sọ lọ. Mùrí, àbúrò Sàlàkọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ tó tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Mùrí á kó ẹrù, á so ó, á sì máa wa ọkọ̀ bó bá ti rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Asúfèé. Bí oòrùn bá mú, tí ẹrù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀, òkè máa ń nira fún un láti gùn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, súfèé náà á máa ga sí i, agbára á sì máa lọ sílẹ̀. Ìgòkè kan wà tí èèyàn máa ń bá pàdé ní kété tó bá kúrò ní Kúta tó dojú kọ Ìwó. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti máa ń le jù. Sàlàkọ́ ti mọ bí òun ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti fi jíà sí kejì, á wá máa wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Rọra, rọra, ó kù díẹ̀," títí wọn ó fi yọ lókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1988, ẹ̀bẹ̀ kò gbà. Gàrí wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọsàn wà lórí rẹ̀. Wọ́n gun òkè náà dé ààbọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó kú. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì ti kú, búrèkì rẹ̀ á le bí òkúta, kò sì ní mú dáadáa mọ́. Sàlàkọ́ fa búrèkì ọwọ́, ó ní kí Mùrí bọ́ sídìí sítíà kó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ búrèkì ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti fi igi dí táyà ẹ̀yìn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni wáyà búrèkì ọwọ́ já. Ọkọ̀ náà yí padà sẹ́yìn, kò tilẹ̀ yí jìnnà kí igi tó dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì Sàlàkọ́ ti wà lábẹ́ táyà.

Ọsàn ń já bọ́, ó ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè. Mùrí ń ké, "Yéè! Bọ̀ọ̀dá mi! Mo tẹ̀ ẹ́ o, mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́!" Sàlàkọ́ kò ké. Ó kàn di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan fún un.

Ilé Bàbá Adéyẹmọ, arúgbó tí ń to eegun, kò jìnnà síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè náà gan-an ló wà, níbi tí Kúta parí sí. Pákó ni wọ́n fi gbé Sàlàkọ́ débẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní eegun ti ṣẹ́ lókè orúnkún, ó sì tún ti fọ́ nítòsí orúnkún gan-an. Ó tò ó, ó fi òrí pa á, ó fi àwọn igi pẹlẹbẹ há a láàárín, ó sì fi aṣọ dì í. "Má mì ín," ló wí. "Èmi ti ṣe tèmi. Tìrẹ ni pé kó o dùbúlẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí kì í jókòó ṣe di ẹni tí ń dùbúlẹ̀. Fèrèsé yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí nílé Bàbá Adéyẹmọ kọjú sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ga ju ibi tí ẹni tó wà lórí ẹní lè fojú dé lọ. Ojú ọ̀run nìkan ló ń rí, àti orí igi ìṣin kan. Ohun tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ayé, etí ló gbọ́dọ̀ fi gbọ́ ọ.

Mùrí sì ní láti máa wa ọkọ̀, torí ẹnu tó wà nílé kò dín. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni Sàlàkọ́ ń gbọ́ Asúfèé tó ń ti àárín Kúta bọ̀. Á gbọ́ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Á gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe dojú kọ òkè, tí ohùn rẹ̀ ń fà, tí Mùrí kò sì tíì yí jíà. "Kejì," á máa wí fún ògiri. "Fi sí kejì. Mùrí, kejì!" Òógùn á bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún á máa ti jíà tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni súfèé náà á ròkè, á ré kọjá orí òkè, á sì parẹ́, òun á wá rí i pé òun ti di ẹní mú pinpin.

Ọjọ́ kan ni Mùrí wá, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ kì í wo ẹsẹ̀ náà. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò, tàbí ilẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìnira."

"Asúfèé ńkọ́?"

"Ó wà, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan ni. Bọ̀ọ̀dá Ògúndípẹ̀ ní ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní íńtàkúlà."

Ògúndípẹ̀ ni mẹkáníìkì wọn ní Ìwó, ẹgbẹ́ Sàlàkọ́ ni.

"Kí ló ń ṣe?" ni Sàlàkọ́ béèrè.

"Wọ́n ní tọ́bò wa ń fún ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbóná ló ń fún un, torí pé bí wọ́n bá ti ki atẹ́gùn mọ́ra, ṣe ló máa ń gbóná. Atẹ́gùn gbígbóná sì fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì á rò pé òun ti mí kanlẹ̀, kò sì tíì mí. Kúlà yìí rí bíi rèdíétọ̀ pẹlẹbẹ. Atẹ́gùn á ti inú tọ́bò wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á máa fẹ́ ẹ láti ìta, á ti tutù kó tó dé inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín á dín, agbára á pọ̀. Ọkọ̀ ò ní kú sórí òkè mọ́."

"Níbo lẹ ti fẹ́ rí i?"

"Ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tí ń tú mọ́tò. Ara lọ́rì kan tó dojú dé ni wọ́n ti yọ ọ́."

"Níbo lẹ fẹ́ so ó mọ́?"

Mùrí wo ilẹ̀. "Iwájú rèdíétọ̀. A ó gé àwọ̀n irin iwájú ọkọ̀ díẹ̀, kí páìpù lè gba ibẹ̀ kọjá."

Sàlàkọ́ gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí. "Rárá. Bí ẹ bá dí iwájú rèdíétọ̀, omi á máa hó. Ẹ ó sì jó ẹ́ńjìnnì náà pa, ibo la ti fẹ́ rí òmíràn lóde òní? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn kan ọkọ̀ mi. Ẹ dúró kí n dìde."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Mùrí wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, kò sí àfojúdi nínú rẹ̀, "ìgbà wo lẹ máa dìde?"

Sàlàkọ́ gbé orí padà lé ìrọ̀rí. Mùrí náà dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde.

Hàbíbátù ló mú èsì wá. Ó ti ilé wọn ní Ìwó wá pẹ̀lú oúnjẹ nínú àwo, ó kúnlẹ̀, ó sì bọ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀.

"Bàbá Ràhámọ̀tù, ẹ má bínú sí Mùrí. Ẹ bínú sí mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa ṣe é."

"Kí wọ́n máa ṣe kí ni?"

"Kúlà náà. Wọ́n ti gé iwájú ọkọ̀."

"Mo ní kí wọ́n má ṣe é, Hàbí. Mo sọ̀rọ̀, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́."

"Ẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn bá jáde, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi títí tó fi ń dé. Òkè yìí ló gba ẹsẹ̀ yín. Ṣé kí n máa wò ó títí á fi gba òun náà?"

Sàlàkọ́ yí ojú sí ògiri. Ó ń rí i lójú ara rẹ̀ bí iná ajóorin ṣe ń ṣẹ́ pàràpàrà níwájú Asúfèé, tí kò sì sí ẹni tó bá a di orí rẹ̀ mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí Hàbíbátù rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé lówùúrọ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó rọ̀, súfèé tó wà nínú rẹ̀ kò ju mímí lọ. Sàlàkọ́ pe Bàbá Adéyẹmọ. "Bàbá, ta ló dé? Ọkọ̀ ta nìyẹn?"

Bàbá náà yọjú, ó sì padà sínú yàrá. Ó wò ó tàánútàánú. "Ọkọ̀ tìẹ ni, Sàlàkọ́."

Òun tó ń fi etí mọ̀ ọ́n láti orí òkè! Ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí Mùrí wọlé, pé òun ń sùn. Mùrí jókòó síta díẹ̀, ó gbé iṣu tó mú wá kalẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni ìparí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti wà láàárín orí. Sàlàkọ́ gbọ́ ọkọ̀ náà tó ń bọ̀, ó mọ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ó gbọ́ bó ṣe dojú kọ òkè, kò sì gbọ́ kó fà. Jíà kẹta ni Mùrí fi ń gùn ún. Ọkùnrin tó wà lórí ẹní náà gbé ìgúnpá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ìgbà náà ni nǹkan dún pọ̀ọ̀! bí ìgbà tí táyà bẹ́. Súfèé náà kú fin. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí òkè: "Ó fẹ́ yí padà o! Ẹ dí i! Ẹ wá dí i!"

Sàlàkọ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí ẹní. Ẹsẹ̀ tí wọ́n dì náà ń wọ́ tẹ̀ lé e lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá Adéyẹmọ ti lọ sóko, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Ó wọ́ ara rẹ̀ gba ọ̀ọ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe, "Mùrí! Ẹ fi igi dí i! Mùrí, má sọ̀ kalẹ̀ o! Má sọ̀ kalẹ̀!" Ariwo àwọn èèyàn bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ń na ọwọ́ sí òpó ilé kó lè dìde nígbà tó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn sínú yanrìn. Ó gbọ́ nǹkan kan tó yẹ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò lè wọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó dojú bolẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí igbe tí yóò sọ fún un pé àbúrò òun ti kú.

Igbe náà kò wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè kò tó nǹkan: rọ́bà tó so kúlà mọ́ páìpù ló yọ, atẹ́gùn tú dànù, agbára sì lọ. Ẹ́ńjìnnì kò kú, nítorí náà búrèkì mú. Mùrí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn èrò fi òkúta dí táyà, kò sí ẹni tó fara pa rárá. Ìgbà tí Mùrí sáré sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kúta láti wá ohun tí yóò fi so rọ́bà náà padà ló rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yanrìn.

"Bọ̀ọ̀dá! Ta ló gbé yín síbí?"

Sàlàkọ́ di apá rẹ̀ mú, ó fọwọ́ pa á láti èjìká dé ọwọ́, ó ń wá ibi tó ti ṣẹ́. "O ò fara pa?"

"Mi ò fara pa, Bọ̀ọ̀dá. Rọ́bà lásán ló yọ."

"Rọ́bà," ni Sàlàkọ́ wí. Ó gbé orí rẹ̀ lé ilẹ̀ padà.

Nígbà tí Bàbá Adéyẹmọ dé, ó tú aṣọ ẹsẹ̀ náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. "Èmi tò ó, ìwọ tú u," ló wí. "A ó tún un tò. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ. Orúnkún yìí kò ní ká mọ́ bó ṣe yẹ."

Mùrí ló di èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń tún un tò. Lọ́jọ́ náà, Sàlàkọ́ ké.

Ògúndípẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn èyí. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe, torí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè bá ẹni tó dùbúlẹ̀ sọ. Ó ní ẹnu páìpù ti dán jù, ìdí nìyẹn tí rọ́bà fi yọ. Àwọn ti jó irin bí òrùka sí etí rẹ̀ kí rọ́bà lè rí ohun dì mú, àwọn sì ti fi rọ́bà lọ́rì tó nípọn pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Ó ní àwọn da ìhó ọṣẹ sí gbogbo oríkèé páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àwọn ò sì rí ibi kankan tó ń jò.

"Omi rèdíétọ̀ ńkọ́?" ni Sàlàkọ́ béèrè. "Ṣé kò hó?"

"Kò hó. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀. A wa ọkọ̀ náà lọ sí Ilé-Ogbó lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹrù, a tún wà á bọ̀. Omi náà dákẹ́."

Sàlàkọ́ fẹ́ kí inú òun dùn, torí Ògúndípẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, ó ń retí ẹ̀rín. "Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ṣe é dáadáa."

Òjò ti ń rọ̀ déédéé nígbà tó padà sí Ìwó pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹsẹ̀ òsì náà ti kúrú ju ìkejì lọ, orúnkún rẹ̀ sì le gbagidi. Ó ń rìn, a dúpẹ́, àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire. Àwọn obìnrin elégàárí wá láti Kúta, wọ́n ní, "Bàbá Ràhámọ̀tù, ọkọ̀ yín ti di ẹṣin! Òkè ò sí fún un mọ́." Ó ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó dúró níwájú Asúfèé. Kúlà náà wà níbẹ̀, ó yọ eyín láàárín irin tí wọ́n gé. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ fi ìdí wọlé, ó wá fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé bí ẹni tó ń gbé ẹrù. Kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń tẹ̀ kí jíà tó lè yí, wà níbi tó máa ń wà. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, ó tì í. Kò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, ó fi gbogbo ara tì í. Kílọ́ọ̀ṣì náà wọlé díẹ̀, ó sì tì í padà. Ó gbìyànjú rẹ̀ títí òógùn fi bò ó nínú òtútù àárọ̀. Mùrí ti jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi tó fẹ́ dà sí rèdíétọ̀. Ó rí i. Ó rọra padà sínú ilé, kò sì jáde títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀.

Wọn kò sọ ọ́ sétí ara wọn láé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Sàlàkọ́ kàn sọ lórí oúnjẹ pé, "Mùrí, máa wà á lọ. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ ọn lára." Hàbíbátù dìde, ó lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ó bá Mùrí lọ sí Kúta lọ́dún náà, láti lọ kí Bàbá Adéyẹmọ. Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, òun ló jókòó síbi tí Mùrí máa ń jókòó tẹ́lẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ láàárín itan. Òkè náà dé. Mùrí kò fi jíà sí kejì. Kẹta ló fi gùn ún, ọkọ̀ náà sì ń lọ ṣá, kò gbọ̀n, kò tú èéfín, ó kọjá ibi tí ọsàn ti dà sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ òsì Sàlàkọ́ ń gbìyànjú láti tẹ nǹkan kan lórí ilẹ̀ ọkọ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.

Wọ́n yọ lókè. Mùrí wò ó fìrí. Ó ti fẹ́ béèrè rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó dáa?"

Sàlàkọ́ mọ̀ pé ó dáa. Ó dáa ju bí òun ti wà á ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ti òun lọ. Ó wo ọ̀nà tó na gbalaja lọ sí Ìwó níwájú wọn.

"Dín eré kù," ló wí. "Ẹrù wà lẹ́yìn."

Kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn. Mùrí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá."